Ọmọ Wo Ni Àbọ̀?

Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni ìbéèrè kan ti ń yọ mí lẹ́nu. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ àárín, ló bi mí nígbà tí a ń wá ọkọ̀ ní Ìbàdàn, tí agbèrò kà á sí ìdajì èrò: "Dádì, ta ni àbọ̀?" N kò dá a lóhùn nígbà náà, n kò sì tíì dá a lóhùn títí di ìsinsìnyí. Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ lásán ni, pé owó tí a ń sọ náà kò tó ra búrẹ́dì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà síwájú sẹ́yìn ni mo ń rí i pé ohun tó ń mú kí òde ọjọ́ kan ṣoṣo sú ẹni tó kó ìdílé rẹ̀ wọ ìlú ńlá, inú ìbéèrè yẹn ló fara pamọ́ sí.

Ẹni tó bá ti ti Ọ̀yọ́ gba Fìdítì lọ sí Ìbàdàn rí mọ̀ pé ìrìn láti ìlú dé ìlú kọ́ ni iṣẹ́. Nǹkan bí 50 kìlómítà ni; bọ́ọ̀sì kan ni a wọ̀, orí ìjókòó kan náà ni a sì wà títí a fi dé Ojóò. Ìgbà tí ènìyàn bá wọ Ìbàdàn tán, tó wá kù kí ó lọ láti àdúgbò kan sí òmíràn, ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A fẹ́ kí àwọn ọmọ rí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, kí wọ́n gun òkè Màpó, kí wọ́n dé ilé ìṣọ́ Layípo, kí a sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi, ìyàwó mi, ìyá mi àti àwọn ọmọ mẹ́ta ni a jọ lọ. (Màmá kò ní í fẹ́ kí n kọ iye àwọn ọmọ síhìn-ín. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.)

## Ẹnì kan níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn

Micra ni ọkọ̀ Ìbàdàn. Ó kéré, ó yá, ó lè gba kọ̀rọ̀ tí bọ́ọ̀sì kò lè gbà, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá sì mú un lójú títì, awakọ̀ rẹ̀ yóò ti yà sí àdúgbò kan kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. N kò bú u. Fún ẹni tó dá nìkan rìn, n kò mọ ohun tó tún dára jù ú lọ nílùú náà: ẹ ó na ọwọ́, ẹ ó wọlé, ẹ ó mú ṣénjì yín dání, bí ẹ bá sì dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ ó pariwo pé "Ó wà o!", ó tán.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí wọ́n ń ké ní gáréèjì: "Ẹnì kan níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn!" Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni igbe yẹn ń pè. Àyè tó ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń tà, ìdílé kì í sì í bá irú àyè bẹ́ẹ̀ mu. Bí ó bá ku ẹni méjì kí ọkọ̀ kún, ìdílé kò lè wọ̀ ọ́ àfi bí wọ́n bá pín ara wọn. Bí ọkọ̀ náà bá ṣófo, wọ́n á wọ̀ ọ́, wọn á sì jókòó sínú oòrùn títí àwọn àjèjì yóò fi wá kún un. Bí ẹ bá ní kí ẹ gba dúróòpù, kí ọkọ̀ náà jẹ́ tiyín nìkan, ẹ ó san owó gbogbo ìjókòó, àti ti àyè tí ẹ kò jókòó sí. Bí ẹ bá sì pín ara yín sí ọkọ̀ méjì, ta ni yóò bá màmá lọ? Ta ni yóò mú fóònù tí iná rẹ̀ kò tíì kú? Bí awakọ̀ àkọ́kọ́ bá gba kọ̀rọ̀ ńkọ́, tí ó sọ àwọn tiyín kalẹ̀ sí ìkòríta kejì?

Orí wa kò kọ ìyẹn fún wa ní Ojóò, nítorí a bá ọkọ̀ tó ṣófo. Awakọ̀ náà ní bí a bá lè gbé ọmọ àárín lẹ́sẹ̀, òun kò ní í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. A gbé e lẹ́sẹ̀. A kọjá ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, àbíkẹ́yìn sì ké fún kìnnìún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un pé ó wà nínú ọgbà ẹranko ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí Ìbàdàn láàárọ̀ kan kò gbọdọ̀ yà sí ibi gbogbo. Ní Dùgbẹ̀, àwọn ọmọ dúró lábẹ́ Cocoa House, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ń ka àjà rẹ̀. Àkọ́bí kà á sí 24, àbúrò rẹ̀ kà á sí 27, ó sì di ariwo. Àjà 26 ni. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, nígbà tí owó kòkó àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ṣì lè kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Mo sọ iye náà fún wọn, inú àwọn méjèèjì kò dùn sí i.

## Mẹ́rin àbọ̀

Ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sí Bẹẹrẹ ni a ń wá ní Dùgbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, oòrùn ti mú, Màmá sì ti ń fi ọwọ́ ti orúnkún rẹ̀. Micra kan dúró, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níwájú rẹ̀, ìyá kan wà lẹ́yìn tó gbé àpò ewédú lé itan. Agbèrò náà sáré tọ̀ wá wá.

"Bàbá, ẹ̀yin mélòó?"

Kí n tó lanu, ó ti ń na ìka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó na án sí Màmá, ó na án sí mi, ó na án sí ìyàwó mi àti àkọ́bí mi tó ti ga dé èjìká mi. Ó fo àbíkẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ pọ̀n. Ìka rẹ̀ wá dúró lórí ọmọ àárín. Ó wò ó láti orí dé bàtà, ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń díwọ̀n aṣọ, ó sì dájọ́: "Mẹ́rin àbọ̀."

Àbọ̀ náà yọjú láti ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Dádì, ta ni àbọ̀?"

Mo ti ń wá owó nínú àpò, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Màmá gbọ́. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ni ilé tí a kì í ti í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé mélòó ni àwọn ọmọ rẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Wọ́n wà, a dúpẹ́." Ènìyàn kan tí kò mọ̀ rí wá dúró ní títì, ó ń fi ìka ka àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì tún ka ọ̀kan dín. Kò bá a jà. Ó tú kókó tó wà ní etí ìró rẹ̀, ó yọ owó bébà tó ti rọ̀ bọ́rọ́bọ́rọ́ jáde, ó bi í pé, "Èló ló kù kí ọmọ mi fi pé?"

Agbèrò sọ iye rẹ̀, ó gbà á, ó sọ ọ́ sápò. Ó ní kí a máa wọlé, pé ẹ̀yìn ń há. A wọlé. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà pín ìjókòó iwájú. Ní ẹ̀yìn, Màmá, ìyàwó mi pẹ̀lú ọmọ, àkọ́bí mi àti ìyá eléwédú fún ara wọn pọ̀ dé ibi tí ilẹ̀kùn fi ní láti jẹ́ lílù kó tó pa dé. Ọmọ tí wọ́n ti san owó rẹ̀ tó pé pérépéré dúró láàárín orúnkún ìyá àgbà rẹ̀, ó tẹ orí síwájú kí òrùlé ọkọ̀ má baà kàn án. Màmá ní kí wọ́n sún fún un. Awakọ̀ wo ẹ̀yìn nínú dígí, ó ní, "Màmá, mẹ́rin ti pé lẹ́yìn o. Ẹ má bínú."

Ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Owó ọmọ náà ti di odidi, ìjókòó kò sì sí.

Ìyá eléwédú ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù síbẹ̀. Ó gbé àpò rẹ̀ kúrò lórí itan, ó fi há àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì na ọwọ́ sí ọmọ náà: "Máa bọ̀, ọkọ mi. Àgbà kì í wà lọ́jà..." Màmá bá a parí rẹ̀, "...kórí ọmọ titun wọ́," wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Bí ìyá náà ti gbé e jókòó tán ló kọjú sí awakọ̀. Ó ní òun ti san owó ìjókòó òun, òun kò sì gbọ́ rí pé wọ́n ń yọ itan kúrò lára ìjókòó. Bí ọmọ bá wá wà lórí itan òun, kí ni agbèrò wọn gbowó lé lórí? Awakọ̀ ní ohun tí agbèrò gbà kò sí lọ́wọ́ òun. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí a fi dé Bẹẹrẹ. Kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ padà, ṣùgbọ́n inú Màmá dùn, nítorí ẹnì kan ti sọ ọ́ síta.

## Ta ló ń ka ta

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé awakọ̀ ni mo ń pẹ̀gàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ ló ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Iye kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ já fún olówó ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yálà èrò wà tàbí kò sí, owó gáréèjì sì tún wà láàárín. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, epo ń jẹ ohun tó yẹ kó kù sọ́wọ́ wọn. Ẹni tó wà nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò lè fi ìdajì ìjókòó ta ọrẹ. Bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, èmi náà yóò wá ẹni tó dá nìkan rìn lọ, tí kò ní ẹrù, tí orúnkún rẹ̀ kò dùn ún, tí ó sì ní ṣénjì.

Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni pé kò sí òfin kankan nínú kíkà náà. Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ní Ojóò, ọmọ yìí jẹ́ òdo. Ní Dùgbẹ̀, ó jẹ́ àbọ̀. Nígbà tí a ń padà ní ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ mìíràn ní ọmọ tó bá ti lè fi ẹnu ara rẹ̀ kí òun "ẹ kú ìrọ̀lẹ́", odidi ni. Ọmọ kan náà, bàtà kan náà, láàárín ọjọ́ kan. Bàbá tó bá fẹ́ mọ iye tí òde kan yóò ná òun kí ó tó kúrò nílé kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí kò mọ ohun tí ìlú yóò pe ọmọ rẹ̀ bí wọ́n bá débẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé Ọ̀yọ́ sàn jù. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, kò sẹ́ni tó ń ka ọmọ lórí ọ̀kadà: ọ̀kan á wà lórí táńkì, bàbá á wà lẹ́yìn ọlọ́kadà, ìyá á pọn ọ̀kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo wọn á sì máa lọ sí Akẹ̀sán lórí táyà méjì. Owó kò pọ̀, wọn kò pín ìdílé, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ohun tí ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ọkọ̀ bá kọ lù wọ́n. Bí ẹni tí kò kà á ṣe léwu náà ni ẹni tó kà á dín.

Màpó la gùn lẹ́yìn Bẹẹrẹ, ibẹ̀ ni ìrònú mi sì ti gba ọ̀nà mìíràn. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929 yìí ni àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn wọ́ lọ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1968, nígbà ogun Àgbẹ́kọ̀yà, tí wọ́n ń ké pé "Òkè mẹ́fà là ó san," ìyẹn ṣílè 30, tí ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀. Owó orí ni wọ́n ń bá ìjọba jà lé lórí. Orí ọkùnrin tó ti dàgbà ni ìjọba ń kà nígbà náà. Ọmọdé kò sí nínú ìwé wọn. Mo sọ ìtàn yìí fún àkọ́bí mi lórí àtẹ̀gùn, ó sì ní, "Wọ́n ṣe dáadáa fún àwọn ọmọdé nìyẹn." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, "Àbí wọ́n gbàgbé wọn ni?" Èmi rò pé ọ̀kan ló ń bí èkejì. Ẹni tí wọn kò bá kà, wọn kò ní í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì ní í rántí fi ìjókòó sílẹ̀ fún un.

Layípo ńkọ́? Màmá kò gùn ún. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ń yí po nínú ilé gíga tóóró tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936, kò sì sí ibi tí ènìyàn ti lè jókòó sinmi. Orúkọ Captain Bower ni wọ́n fi sọ ilé náà ní èdè Òyìnbó, ọkùnrin tó yìnbọn àgbá lu Ọ̀yọ́ ní ọdún 1895, nígbà ayé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Nígbà tí mo sọ èyí fún Màmá, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ gun orí rẹ̀ lọ. Èmi á máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀." Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ra ọsàn.

## Ibi tí wọ́n ti ń kà á bó ṣe yẹ

Ibì kan wà nítòsí wa tí wọ́n ti ń ka ọmọ ní ọ̀nà tí mo fara mọ́: ọkọ̀ ojú irin. Reluwé àkọ́kọ́ ti dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901, ṣùgbọ́n ti tuntun tó ń gbéra ní Mọníyà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lójú méjèèjì ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ni mo ń sọ. Tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé wà níbẹ̀, owó rẹ̀ dín sí ti àgbà, ọmọ náà sì ní ìjókòó tirẹ̀. Owó rẹ̀ ló dín, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Ìdílé lè jókòó kojú ara wọn, kí wọ́n jẹun, kí ìyá arúgbó na ẹsẹ̀. Fún àwa tí a wà ní Ọ̀yọ́, Mọníyà kò jìnnà, kò sì sí ìdí tí a ó fi wọ àárín ìgboro Ìbàdàn kí a tó dé ibẹ̀.

Nínú ìlú gan-an, bọ́ọ̀sì ńlá ni mo gbà pé ó lè tún nǹkan ṣe. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa ti kọ́ ibùdókọ̀ ńláńlá sí Ojóò, Ìwó Róòdù, Challenge àti ojú ọ̀nà Ifẹ̀, bọ́ọ̀sì ìjọba sì ń ná àwọn ojú ọ̀nà kan. Bọ́ọ̀sì ńlá kò ní í pín yín, ẹni tó fẹ́ dìde á dìde, arúgbó sì lè fi ara balẹ̀ wọlé bí awakọ̀ kò bá ti bínú jáde nílé. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ibùdókọ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà, pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún báyìí kò ní í sanwó, èyí tó bá ti pé ọdún báyìí yóò san àbọ̀, yóò sì jókòó. Ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ni ìyẹn gbà. Bí ó bá wà lára ògiri, agbèrò kò ní í fi ojú wọn ọmọ ọlọ́mọ mọ́, bàbá náà kò sì ní í máa tẹ̀ ọmọ rẹ̀ lórí mọ́lẹ̀ kí ó lè kéré lójú wọn. (Mo rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Sángó. N kò bá a wí.)

Títí dìgbà náà, ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bá fẹ́ kó ìdílé rẹ̀ lọ kò pọ̀. Ẹ yan ibì kan, ó pọ̀ jù ibi méjì tó sún mọ́ ara wọn. Màpó àti Layípo ti tó òòjọ́ fún ẹni tó bá mú àgbàlagbà dání. Ẹ fi owó tí ẹ fẹ́ fi lọ sí ibi kẹta gba dúróòpù, kí ẹ sì bá awakọ̀ ná an tán kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹ mú omi. Ẹ má fi ìrọ̀lẹ́ Sátidé padà gba Ojóò, nítorí àwọn tó ti ibi àríyá ń bọ̀ ti gba gbogbo ọkọ̀.

Ní àdúgbò wa báyìí, àwọn ọmọ ti ròyìn Cocoa House dé ibi tí àwọn aládùúgbò fi ní àwọn náà fẹ́ lọ. A ti pinnu pé nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, a ó háyà bọ́ọ̀sì kan láti Ọ̀yọ́, yóò gbé wa lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì, yóò dúró dè wá, yóò sì gbé wa padà, kí àbíkẹ́yìn lè rí kìnnìún rẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe akápò. Ohun tó kù tí ìpàdé kò tíì yanjú ni bí a ó ṣe dá owó náà: àwọn kan ní kí á fi iye orí pín in, Màmá ní ojúlé ni kí á fi pín in, kí ẹnikẹ́ni má ka ọmọ ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò wa tí ọmọ kún ilé rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Èyí tó bí ọmọ kan ṣoṣo ní òun gbà, bí a bá lè fún òun ní ìjókòó méjì tó ṣófo láti fi kó oúnjẹ àti ìbùsùn rẹ̀ dání. A fi ìpàdé sí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.